Ìgbà Tí Mo Ń Fi Òrí Sáré

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí, èmi ni ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń rán lọ síbi eré ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe pé mo yára ju àwọn tó kù lọ. Tí wọ́n bá ní ká sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ọmọbìnrin tó lè fi mí sílẹ̀ pọ̀ nínú kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn tó ni ara mi ń yá tó. Tí a bá ti fi ìlú sẹ́yìn, tí a kò rí nǹkan mọ́ ju igi irúgbá, igi òrí àti koríko gbígbẹ lọ, tí àwọn tó fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ti dákẹ́, ìgbà náà ni èmi máa ń gbádùn ara mi.

Ìparí ni ìṣòro mi. Bó bá ti ku díẹ̀ ká dé, nǹkan kan á kàn tán nínú mi. Kì í ṣe èémí, nítorí mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni. Itan mi méjèèjì á wúwo bí odó, òógùn tútù á bò mí, ojú mi á máa ṣe bàìbàì, ebi kan tí n kò lè ṣàlàyé á sì dé. Àwọn tí mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́ á máa kọjá lára mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kan, mo jókòó sẹ́bàá títì ní Ìsẹ́yìn, mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn tó ń dúró dè wá lórí pápá, n kò sì lè dìde. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ló fún mi ní ọsàn mu kí n tó lè rìn dé ọ̀hún.

Lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ni mò ń gbé. Àwọn òbí mi wà ní oko kòkó níbi tó jìnnà, Ìyá Àgbà ló sì tọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Òrí ṣíṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èso òrí bá ń já bọ́ nínú ọ̀dàn, ìdájí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jáde lọ ṣà á. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Kò sí ìgbà tí èèyàn wọ agbo ilé wa tí kò ní gbóòórùn òrí. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí òrí kò lè ṣe. A fi ń se ọbẹ̀, a fi ń para, a ń fi sí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá ń dà láàmú. Nígbà tí mo dé láti Ìsẹ́yìn lọ́dún yẹn, kò bi mí bóyá mo gba ipò kankan. Ó ní kí n na ẹsẹ̀, ó sì fi òrí lílọ́wọ́ọ́rọ́ wọ́ ọ títí mo fi sùn lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé olùkọ́ eré ìdárayá tuntun wá fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní yunifásítì. Kì í jókòó sábẹ́ igi kó máa fọn fèrè fún wa bíi ti ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń bá wa sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ mi kú lójú rẹ̀, ojú ọ̀nà tó lọ sí apá Òtu ni. Ó dúró tì mí, ó sì bi mí pé,

"Kí lo jẹ lálẹ́ àná?"

"Ọkà ni, sà." Ọkà là ń pe àmàlà lọ́dọ̀ wa.

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ díẹ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

"Kò dùn mí, sà. Ó kàn kọ̀ ni. Ó dà bí ìgbà tí epo bá tán nínú mọ́tò."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn," ó wí.

Bí a ṣe ń rìn padà sílé ló ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní nǹkan méjì ni iṣan ara ń jó tí a bá ń sáré. Èkíní ni ṣúgà tó ń jáde lára iṣu, ọkà, ẹ̀kọ àti irú wọn. Inú iṣan fúnra rẹ̀ àti inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú rẹ̀ sí, àyè ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó bá tẹ eré mọ́lẹ̀ fún wákàtí bíi méjì lè jó o tán pátápátá. Èkejì ni ọ̀rá. Ọ̀rá tó wà lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ pàápàá lè gbé e rìn láti Ṣakí dé Ìbàdàn.

"Ọ̀rá wà lára rẹ," ó ní. "Iṣan rẹ ni kò tíì mọ bí a ṣe ń jó o dáadáa. Ṣúgà ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí òun ló mọ̀. Ìgbà tí ṣúgà bá wá tán, ọ̀rá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè yára lò ó."

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní yunifásítì, òun máa ń ran olùkọ́ òun lọ́wọ́ láti gba èémí àwọn sárésáré sínú àpò ńlá kan, wọ́n á sì yẹ èémí náà wò. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

"Ṣé èémí lè sọ pé iṣu lèèyàn jẹ ni, sà?"

"Ó lè sọ bóyá ṣúgà ló ń jó lọ́wọ́ tàbí ọ̀rá."

Ó ti kà á pé bí èèyàn bá dín oúnjẹ tó ń di ṣúgà kù, tó sì ń jẹ ọ̀rá púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan á kọ́ bí a ṣe ń jó ọ̀rá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn lè gbé mi dé òpin ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún àwọn ará ilé mi.

Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tó ń ká ẹní rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

"Kú ìrọ̀lẹ́, tíṣà. Ṣé kò sí o? Ṣé ọmọ yìí kò hùwà tí kò dáa?"

"Rárá, Ìyá. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ni mo bá wá."

Ojú Ìyá Àgbà le díẹ̀. "Ebi kì í pa á nínú ilé yìí."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó fi ọkà àti iṣu sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó máa jẹ ọ̀rá. Ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹyin, wàrà, ẹran tó bá lọ́ràá." Ó nawọ́ sí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Àti òrí."

Mo rò pé Ìyá Àgbà á bínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó sún mọ́ ọn.

"Òrí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀ òrí ní yunifásítì?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni wọ́n ń kọ́, Ìyá. Òrí sì ni ọ̀rá tó wà nítòsí wa."

Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè. Lẹ́yìn náà ló wá bi í léèrè ohun tí èmi kò ronú láti béèrè. "Ta lo mọ̀ tó ti jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, tí nǹkan kan kò ṣe é?"

"Èmi fúnra mi kò mọ ẹnì kankan," ni olùkọ́ wa wí. "Inú ìwé ni mo ti rí i. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi máa bá a jẹ ẹ́. Ohun tó bá jẹ ni mo máa jẹ, tí ara rẹ̀ bá sì kọ̀ ọ́, a ó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà."

"Ìwọ tí o kò tíì níyàwó, ta ni yóò máa se é fún ọ?"

Olùkọ́ wa bú sẹ́rìn-ín.

"Máa wá jẹ ẹ́ níbí," ni Ìyá Àgbà wí.

Bí olùkọ́ mi ṣe di ọmọ ilé wa nìyẹn. Láàárọ̀, Ìyá Àgbà á fi òrí-àmọ́ din ẹyin fún wa, ìyẹn bọ́tà tí obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wá pẹ̀lú wàrà rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ̀pà sísun ni mò ń gbé lọ sílé-ẹ̀kọ́. Lálẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ki ni, tí òrí ń dán lójú rẹ̀, pẹ̀lú wàràkàsì àti ẹran ọlọ́ràá. Níbi tó yẹ kí òkèlè wà, ewé tẹ̀tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ là ń jẹ láìsí òkèlè. Ẹni tí kò bá gbé Òkè-Ògùn rí lè má mọ bí ìyẹn ṣe nira tó. Ilẹ̀ iṣu ni ilẹ̀ wa, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n sì ń kó iṣu wálé láti oko. Kò sí agbo ilé tí wọn kì í ti sun iṣu nírọ̀lẹ́. Èmi á jókòó ti àwo ẹ̀gúsí mi, èéfín iṣu sísun á máa fẹ́ wá bá mi láti ilé kejì.

Ìyàwó ilé kan tó ń gbé lódìkejì wa bi Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ṣé ọmọ lẹ ń bọ́ ni àbí àgbò Iléyá?"

"Àgbò ni," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ẹ máa wo ibi tí yóò sáré dé."

Àgbò náà kò tètè sáré dé ibì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ mi, inú ń bí mi láìnídìí, ẹnu mi sì ń rùn lọ́nà àjèjì kan tí èmi fúnra mi ń gbọ́. Nígbà tí a bá jáde, ibi tí mo ti máa ń gbádùn ara mi tẹ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ń kú báyìí. Olùkọ́ wa kò sàn jù mí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun ló kọ́kọ́ dúró. Ó jókòó lórí àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n.

"Ṣé kò sí, sà?"

"Iṣu ni mò ń rò," ó wí. "Iṣu sísun, pẹ̀lú epo pupa."

Mo fẹ́ pa ẹ̀rín náà mọ́ra, n kò lè pa á mọ́ra. Èmi náà jókòó tì í, a sì rẹ́rìn-ín títí àgbẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko fi sọ̀ kalẹ̀, tó bi wá bóyá ara wa dá. Bí a ṣe padà délé, Ìyá Àgbà rí i pé mo ń lá iyọ̀ láti inú ìkòkò. Kò bá mi wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi omi ẹran tí iyọ̀ rẹ̀ dùn dáadáa lé oúnjẹ wa, olùkọ́ wa sì gbà pé ó dára, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ irú oúnjẹ yìí, omi àti iyọ̀ máa ń jáde púpọ̀ lára.

N kò lè sọ ọjọ́ náà gan-an tí nǹkan yí padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀ kan, a jáde, atẹ́gùn tutù, ètè mi gbẹ, àwọn ọdẹ sì ti sun igbó apá kan ọ̀nà náà, ilẹ̀ dúdú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. A sáré dé ibi tí a ti máa ń yí padà. Olùkọ́ wa wò mí, mo wò ó, kò sí ẹni tó dúró. A tún sáré lọ. Oòrùn yọ. A kọjá abúlé kan, a kọjá òmíràn. Mo ń retí kí itan mi wúwo, kò wúwo. Mo ń retí ebi, kò sí ebi. Eré náà kò yára, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé n kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di alẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá dá mi dúró.

"Báwo ni ara?" ó bi mí.

"Sà, epo inú mọ́tò ò tíì tán o. Ó ṣì kù."

A yí padà lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta. Nígbà tí mo délé, mo gbé garawa, mo lọ pọn omi, mo sì tún bá Ìyá Àgbà gún kóró òrí. Ìyá Àgbà kàn ń wò mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra òrí.

Nígbà tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ṣe eré tí wọ́n fi yan àwọn tí yóò dé àṣekágbá, ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin láti ilé-ẹ̀kọ́ jákèjádò Òkè-Ògùn ló wá. A ó jáde láti orí pápá, a ó gba ọ̀nà Òkèhò lọ, a ó yí padà ní abúlé kan, a ó sì padà sí pápá. Òkè gígùn kan wà lójú ọ̀nà náà, ìgbà tí a bá ń bọ̀ ni a ó gùn ún. Bí a ṣe ń jáde nílùú, àwọn tó ń hun aṣọ lábẹ́ àtíbàbà wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò wá.

Mo wà lára àwọn tó wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin Òkèhò kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúrú, ara rẹ̀ ki, ó so ọ̀já funfun mọ́ orí. A jọ yí padà ní abúlé yẹn. Kò rẹ̀ mí rárá, mo sì ti ń sọ nínú ara mi pé lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìgbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè náà ni ọmọbìnrin Òkèhò yìí fi kún eré.

Mo ní kí n tẹ̀ lé e. Kò sí ìrora, kò sí ebi, ojú mi mọ́ kedere. Mo kàn sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó yára, ó sì ń bá eré tirẹ̀ lọ bíi màlúù tó ń ti odò bọ̀. Mo ń mí bí ẹwìrì, síbẹ̀ n kò tẹ̀ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èèyàn mẹ́rin ló fi mí sílẹ̀ lórí òkè yẹn, ojú mi ni wọ́n ṣe é, bí ẹni pé ẹnì kan de okùn mọ́ mi ní ìbàdí. Nígbà tí mo dé orí pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ mi tún padà sípò, mo sáré dé pápá láìdúró, mo sì ṣe ipò karùn-ún. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí n kò sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé.

Síbẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, ìta ni olùkọ́ wa ń wò lójú fèrèsé. Mo ní, "Sà, mo parí rẹ̀." Ó ní, "O parí rẹ̀ dáadáa. Òkè yẹn ni mò ń rò."

Ìyá Àgbà ti gbé omi kaná kí a tó dé. Ó wo ojú àwa méjèèjì.

"Kí ló dé?"

"Ó wọlé, Ìyá," ni olùkọ́ wa wí. "Yóò dé àṣekágbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lórí òkè, nígbà tí wọ́n yára, òun kò lè yára."

"Kí ló fà á?"

Ó jókòó. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó jó. Tí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí èèyàn ń mí jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ á tó o. Ṣùgbọ́n lórí òkè, níbi tí èémí ti ń ṣe ọ̀wọ́n, ṣúgà ló lè fi ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣúgà sì ti ṣọ̀wọ́n lára mi láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ̀rù nǹkan mìíràn tún ń bà mí," ó ní. "Mo rò pé iṣan rẹ̀ ti bá ọ̀rá mọ́ra débi pé, bí a bá tiẹ̀ fún un ní iṣu lónìí, kò ní tètè rántí bí a ṣe ń lò ó."

Ìyá Àgbà wo ìkòkò òrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé òrí mi ló wá dá a dúró?"

Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìbéèrè yẹn. Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kúnlẹ̀ gidi, bíi pé Ìyá Àgbà ló bí i.

"Ìyá, lọ́dún tó kọjá, ọ̀nà kò tíì tán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Lónìí, ó dé. Òrí yín ṣe ohun tí òrí ń ṣe. Èmi ni mo sọ pé òrí nìkan tó. Kò tó. Ṣúgà nìkan kò tó, ọ̀rá nìkan kò tó."

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Kí la ó ṣe báyìí?"

Ó ní òun kò fẹ́ dá a ṣe. Lópin ọ̀sẹ̀ náà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ bá olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé, ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní bàbá náà kò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá náà ní kí a padà sí oúnjẹ wa, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé ohun tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa fi inú òfìfo sáré jẹ́jẹ́ lọ sọ́nà jíjìn ní ìdájí, torí ìgbà náà ni ara máa ń lo ọ̀rá jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gun òkè, kí n ti jẹun yó. Bí àṣekágbá bá sì ti ń sún mọ́, kí n dín eré kù, kí n máa jẹ iṣu àti ọkà dáadáa kí ibi ìtọ́jú ṣúgà inú iṣan mi lè kún.

Ìyá Àgbà gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi òkèlè àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bó ṣe dùn tó. Olùkọ́ wa di ojú nígbà tó gbé tirẹ̀ mì, Ìyá Àgbà sì ń rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tó ń wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí ẹsẹ̀ mi tó tún máa gbọ́ràn lórí òkè. Ṣakí kò sì ṣaláìní òkè. A máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kan lẹ́yìn ìlú, a ó sáré gùn ún, a ó rìn sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gùn ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa ló máa ń dúró dè mí lókè. Nígbà tó yá, a jọ ń débẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, èmi ni mo dúró dè é, ó sì dé, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Ó tó. Máa lọ sinmi."

Ọjọ́ àṣekágbá, ọ̀nà kan náà ni. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa dé Ìsẹ́yìn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pápá pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ọmọbìnrin Òkèhò yẹn wà níbẹ̀, ó kí mi, mo kí i. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, ó tún ṣe bó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀, ó fi kún eré. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì dáhùn. Ó gbóná, ó ń ta mí, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Èjìká wa ń kan ara wọn bí a ṣe dé orí òkè. Kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú wa mọ́.

Ó wá ku ọ̀nà tó tẹ́jú títí dé ìlú, ibi tí mo ti máa ń kú. Mo ń dúró de ikú náà. Àtíbàbà àwọn ahunṣọ ti fara hàn, mo ṣì ń dúró dè é. Kò wá. A jọ wọ pápá, ìyíká kan péré ló kù, ìyẹn sì ni eré tí n kò mọ̀ ọ́n sá. Ọmọbìnrin Òkèhò fi ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan ṣáájú mi dé orí ìlà. Mo ṣe ipò kejì. Àwa méjèèjì ṣubú sórí koríko, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní,

"Ìwọ yìí, mo rò pé mo ti fi ẹ́ sílẹ̀ lórí òkè."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," mo dá a lóhùn.

Ìyá Àgbà ti dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó dìde. Kò mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní, kò tilẹ̀ béèrè. Ó ń gbọn koríko kúrò lára àwa méjèèjì, ó ń pè wá ní ọkọ òun.

Àwọn méjì tó ṣíwájú ni wọ́n mú lọ sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, nítorí náà èmi àti ọmọbìnrin Òkèhò jọ lọ. Àwọn tó yára jù wá lọ pọ̀ níbẹ̀, a kò sì gba ife kankan wálé, ṣùgbọ́n a di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà kò sì bàjẹ́ títí di òní. Olùkọ́ wa kò pẹ́ púpọ̀ sí i ní Ṣakí. Ó padà sí yunifásítì, ó sì fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣan ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Bó bá ń kọjá lápá ọ̀dọ̀ wa, ilé Ìyá Àgbà ló máa ń sọ̀ sí. Títí di báyìí, mo ń gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rá àti ṣúgà, inú mi sì ń dùn pé wọ́n kò tíì dákẹ́.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkèhò ni wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. Mo máa ń jáde sáré ní ìdájí, èmi nìkan, àwọn ará abúlé á sì máa wò mí bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọmọbìnrin mẹ́ta kan lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò wọ bàtà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Àwọn ìyá wa ní ká wá bi yín bóyá àwa náà lè tẹ̀ lé yín."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè dé odò kí wọ́n sì padà. Wọ́n ní àwọn lè dé e. A sì jọ gba ọ̀nà odò lọ, jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀.